Ọwọ́ rọ́bọ́ọ̀tì wo ló lè gbé ìkòkò tútù láì fọ́ ọ?

Ọmọ Alámọ̀ (Òkèlele, Ìlọrin):

Ẹ gbà mí o. Iṣẹ́ àṣekágbá mi nílé ẹ̀kọ́ ni ọwọ́ rọ́bọ́ọ̀tì tí á máa gbé ìkòkò tútù, ìyẹn ìkòkò gbígbẹ tí wọn ò tíì sun, láti ibi tí wọ́n sá a sí dé ibi tí wọ́n ti máa sun ún. Ìyá mi àgbà ń mọ ìkòkò ní àdúgbò Dada láti ìgbà tí wọn ò tíì bí bàbá mi, ẹ̀yìn sì ti ń dùn wọ́n gan-an báyìí. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kí n fi irin ṣe ìka mẹ́ta, kí n fi rọ́bà wé e. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lo ẹnu rọ́bà tó ń fa nǹkan mọ́ra, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé gíláàsì. Èmi rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àwọn kan rọ kọfí sínú fèrè rọ́bà (bàlúùnù) táwọn ọmọdé ń fẹ́, wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde, ó sì gbé ẹyin. Mo fi han ọ̀gá mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní eré ọmọdé nìyẹn. Ta ló tọ̀nà nínú wa? Àwọn ìkòkò náà ò dọ́gba o. Kékeré wà, ńlá wà, ikùn gbogbo wọn ló rí roboto.

———

Oní-fíríìjì:

Ọ̀gá ẹ ò tọ̀nà, ọ̀rẹ́ ẹ ò tọ̀nà, ìwọ náà ò sì tíì débẹ̀.

Ìka irin mẹ́ta, ojú ibi mẹ́ta péré ló máa kan ikùn ìkòkò, kò sì sí èyí tó ju àtàǹpàkò lọ nínú wọn. Gbogbo agbára tó o fi dì í mú, orí ibi mẹ́ta yẹn ló máa jókòó sí. Rọ́bà tó o wé e kò yí ìyẹn padà. Lọ wo ìyá yín àgbà dáadáa kó o tó ya àwòrán kankan. Wọn kì í fi orí ìka gbé ìkòkò tútù. Àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń gbà á lábẹ́ ikùn, ọwọ́ wọn á rọ̀ títí á fi bá ara ìkòkò mu, ìgbà yẹn ni iṣan apá tó máa le.

Ẹnu rọ́bà afanimọ́ra dára fún gíláàsì torí pé gíláàsì tẹ́jú, ó ń dán, afẹ́fẹ́ ò sì lè gba ara ẹ̀ kọjá. Ikùn ìkòkò tẹ̀ síwá, ó tẹ̀ sẹ́yìn, ètè rọ́bà ò ní lè lẹ̀ mọ́ ọn yípo. Amọ̀ gbígbẹ ní eruku lára, ó tún ní ihò wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Wàá kàn máa fa afẹ́fẹ́ gbogbo Ìlọrin títí ilẹ̀ á fi ṣú ni.

Ti fèrè àti kọfí kì í ṣe eré ọmọdé. Ọdún 2010 ni àwọn onímọ̀ láti yunifásítì Cornell àti University of Chicago ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ilé iṣẹ́ iRobot, gbé e jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà PNAS. Sọ fún ọ̀gá ẹ. Àmọ́ àbùkù kan wà níbẹ̀ tó kan ìkòkò gan-an, mò ń bọ̀ wá sórí ẹ̀.

———

Èrò Ọ̀nà Jẹ́bà:

Ẹ ṣàlàyé bí nǹkan tó rọ̀ ṣe ń di líle láì sí iná, láì sí gọ́ọ̀mù. Kò yé mi.

———

Oní-fíríìjì:

Ẹ wo kórópe tó ń kó èrò l'Ọjà-Ọba nírọ̀lẹ́. Tó bá jẹ́ èèyàn mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀, oníkálukú lè yí bó ṣe wù ú. Kí wọ́n tún ti èèyàn mẹ́ta sí i wọlé, ẹ ò ní lè gbé apá yín láti mú owó jáde lápò. Kò sẹ́ni tó di òkúta nínú wọn. Àyè ló tán.

Bí kóró kọfí ṣe rí nínú fèrè nìyẹn. Tí afẹ́fẹ́ bá wà láàárín wọn, wọ́n á máa ṣàn bí omi, wọ́n á yí nǹkan tí o gbé e lé ká. Tó o bá wá fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀, afẹ́fẹ́ ìta á tẹ rọ́bà mọ́ wọn lára, wọ́n á há mọ́ra wọn, gbogbo ẹ̀ á le koko ní bátànì ohun tó gbá mú. Àyè tó ní láti tán ò tiẹ̀ pọ̀. Àwọn tó ṣe é rí i pé kí fèrè náà dín kù ní ohun tí kò tó 0.5% ti tó láti di nǹkan mú.

Ẹ jọ̀wọ́, afẹ́fẹ́ ìta ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ kọ́. Ní etí òkun, ìwọ̀n ẹ̀ ò ju nǹkan bíi kìló kan lórí ojú sẹ̀ǹtímítà kan ní ìbú àti òró. Ìlọrin ga ju etí òkun lọ ní nǹkan bíi 300 mítà, torí náà tiwa tún dín díẹ̀ sí i. Àwọn tó ń ra ẹ̀rọ ńlá kí ọwọ́ wọn lè le sí i, owó ló ń nù. Kò sí ẹ̀rọ tó lè fún yín jù bẹ́ẹ̀ lọ.

———

Ọmọ Ọ̀fà:

Ẹ̀ ń da ara yín láàmú. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, àwa la mọ bí wọ́n ṣe ń di nǹkan tó rí roboto mú. Kí ara má yọ̀ lọ́rọ̀ wà. Ẹ wá rọ́bà tó ń lẹ̀, ẹ fún un mọ́ ìkòkò gírígírí, ó parí.

———

Oní-fíríìjì:

Ẹ ti jẹ àgbálùmọ̀ rí, àbí? Tẹ́ ẹ bá ti lá kóró ẹ̀ tán tó sì ṣì tutù, ẹ fi ìka méjì tẹ ẹ́ níbi tó ti tín-ín-rín. Bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó ni á ṣe máa fò lọ tó. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè fún un gírígírí kó dúró, fífún gan-an ló ń lé e lọ.

Àbùkù tí mo ní mò ń bọ̀ wá sórí ẹ̀ nìyí. Òkè ni fèrè kọfí ti ń wá. Tó bá bo orí nǹkan roboto díẹ̀, fífún tó bá fún un, ìsàlẹ̀ ló ń tì í sí. Ó di ìgbà tó bá sọ̀ kalẹ̀ dáadáa kí yíyì, ìyẹn bí ara rọ́bà àti ti ìkòkò ṣe ń di ara wọn mú kó má yọ̀, tó lè borí títì yẹn. Tí ara méjèèjì bá ń di ara wọn mú débi pé agbára yíyì tó agbára títẹ̀, ó gbọ́dọ̀ bò ó kọjá dígírì 45 láti orí. Tí eruku amọ̀ bá jẹ́ kí yíyì kù sí ìdajì, ó di dígírì 63. Ìkòkò tí ikùn ẹ̀ fẹ̀ tó 40 sẹ̀ǹtímítà, fèrè yẹn á ní láti bò ó wálẹ̀ títí dé ibi tó ti fẹ̀ tó 36. Fèrè wo nìyẹn? Tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ rí i, ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tó lè yí i ká, ọrùn ìkòkò ló sì máa gba ìtẹ̀ yẹn.

Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni fún Ọ̀fà o, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó mọ ìjàkadì kì í di èjìká mú látòkè. Abẹ́ ló ń bá wọlé.

———

Ọmọ Ọ̀fà:

Ẹ ti fi ẹnu mi mú mi.

———

Akẹ́kọ̀ọ́ Táńkẹ̀:

Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìkòkò sílẹ̀ fún mi díẹ̀. Mo ṣe fèrè yìí fún ìfihàn kan nílé ìwé wa, ó kọ̀ fún mi. Kọfí ni mo rọ sí i, kọfí gidi tí wọ́n ń tà nínú sáṣẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ó gbé bọ́ọ̀lù. Ọjọ́ kejì ó ti di gbàǹgbà kan ṣoṣo, kò rọ̀ mọ́.

———

Oní-fíríìjì:

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Kọfí inú sáṣẹ́ẹ̀tì kì í ṣe kọfí lílọ̀. Wọ́n ti sè é, wọ́n sì ti fa omi ẹ̀ gbẹ, ebi omi ló ń pa á. Ọ̀rinrin díẹ̀ báyìí, ó ti di ọ̀dà. Èyí tí wọ́n ń lọ̀ láti ara kóró, tí èérún ẹ̀ ń kù nísàlẹ̀ ife, ni àwọn tó ṣe é lò.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ojú mi rí, torí kì í ṣe gbogbo ibi la ti ń rí kọfí lílọ̀ rà níbí, owó ẹ̀ sì ń gbóná.

Gàrí ni mo kọ́kọ́ lò. Mo rọ ọ́ sínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo fi túùbù kékeré sí i lẹ́nu, mo sì dì í. Ó ṣiṣẹ́! Mo pe ìyàwó mi wá wò ó, ó gbé àlùbọ́sà, ó gbé ife. Oṣù keje ni, òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ kẹrin mo fọwọ́ kan ìka ìbọ̀wọ́ náà, ó le láì jẹ́ pé mo fa afẹ́fẹ́ kankan. Nígbà tí mo tú u, òórùn kíkan ló kọ́kọ́ jáde, gàrí ti di kókó kókó nínú ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyàwó mi ní kí n wá ọbẹ̀ sí i.

Mo bọ́ sórí ìrẹsì. Ìrẹsì gbẹ, kì í ṣe kókó, àmọ́ ara ẹ̀ ń dán, kóró kan ń yọ̀ lára èkejì, kò le tó. Iyanrìn odò le ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́ kan gba nǹkan bíi kìló mẹ́ta, ó sì máa ń gé rọ́bà láti inú. Ọwọ́ tó fẹ́ gbé ẹrù ti di ẹrù fúnra ẹ̀. Ìdọ̀tí pákó láti ọ̀dọ̀ káfíńtà fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó rọ̀ jù, tó o bá fa afẹ́fẹ́ ẹ̀ ṣe ló máa sún kì bíi fóòmù, kò ní há. Ìyẹ̀fun kò tiẹ̀ yẹ lẹ́nu, ó ń dí ẹnu túùbù.

Èyí tí mo ń lò báyìí ni èèpo ẹkùrọ́, èyí tó máa ń kù lọ́dọ̀ àwọn tó ń pa ẹkùrọ́. Mo gún un nínú odó, mo fi asẹ́ jọ eruku ẹ̀ kúrò, mo tún fi asẹ́ tójú ẹ̀ fẹ̀ jọ èyí tó tóbi jù kúrò, mo sá a sóòrùn ọjọ́ méjì. Ó fúyẹ́ ju iyanrìn lọ dáadáa, ara ẹ̀ ní igun, kóró kan ń kọ́ èkejì. Kì í gba omi bíi gàrí. Ẹnu túùbù, ẹ fi fóòmù tó nípọn tó ìka kan dí i kí ẹ̀rọ má bàa fa èérún mu.

———

Ẹlẹ́kítíríkì Ọ̀mù-Àrán:

Gbogbo ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yìí ti pẹ́. Irin tó ń yọ́ ni àwọn èèyàn ń lò láti mú nǹkan rọ̀ kó sì tún le. Ẹ fi í sínú rọ́bà, ẹ ta iná sí i, á rọ̀; ẹ pa iná, á le ju kọfí lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Tí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, ti ẹ̀yin á jò, ìkòkò á já bọ́. Tèmi á le sí i ni.

———

Oní-fíríìjì:

Mo gbà fún ọ lórí ọ̀rọ̀ iná. Ohun tó bá ń le nígbà tó bá tutù kì í bẹ̀rù NẸ́PÀ. Lórí líle náà, ó dáa ju tiwa lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kù sí ni ooru. Gallium, ọ̀kan nínú irú irin bẹ́ẹ̀, ń yọ́ ní dígírì 29.8. Oṣù kẹta níbí, ọ̀sán lásán á ti kọjá 35. Omi ló máa jẹ́ lọ́sàn-án, kò ní le fún ọ. Tó bá sì kán sára álúmíníọ̀mù, ó ń jẹ ẹ́ ni. Field's metal, tó jẹ́ àdàlù irin, ń yọ́ ní 62, ìyẹn dára díẹ̀ fún ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n irin ọ̀wọ́n tó ń jẹ́ indium wà nínú ẹ̀, owó ẹ̀ kò ṣeé sọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní Wood's metal rọjú, 70 ló ti ń yọ́, àmọ́ òjé àti cadmium wà nínú ẹ̀, májèlé ni, má ṣe jẹ́ kó wọ inú ilé tí ìyá àgbà ti ń jẹun. Àti pé fúnra ooru ọ̀hún: o máa dúró kó yọ́, o máa tún dúró kó tutù. Ìkòkò 60 ló wà nílẹ̀ kí wọ́n tó dáná. Pẹ̀lú afẹ́fẹ́, kí o tó sọ pé Bísímílà ó ti le.

Ti NẸ́PÀ, fáàfù kan ló ń yanjú ẹ̀. Irú èyí tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ lè jáde ṣùgbọ́n kò lè padà wọlé. Fi í sáàárín ẹ̀rọ àti ọwọ́. Tí ọwọ́ náà ò bá ti ń jò, á wà ní líle láì gba iná kankan, o lè pa ẹ̀rọ pátápátá nígbà tó o bá ń rìn pẹ̀lú ìkòkò.

Ẹ̀rọ tí mò ń sọ yìí, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fíríìjì àlòkù ni. Ẹnu tó ń fà ni ẹ lò, kì í ṣe ẹnu tó ń tú. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá yín yọ gáàsì inú ẹ̀, ẹ má gé e lásán. Ẹ má sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ pẹ́ títí, torí gáàsì tó ń tutù padà wá ló ń bá a gba ooru nínú fíríìjì, tí kò bá sí i mọ́, á gbóná. Ó ń tu òróró díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu kejì. Ẹ gbé ìbọ̀wọ́ jìnnà síbẹ̀, òróró ń ba rọ́bà jẹ́, yálà ti ẹ̀rọ ni tàbí epo pupa ọwọ́ yín.

———

Ìyá Àbíkẹ́ (Ọ̀rọ̀):

Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń bá ikùn ìkòkò jà? Ìkòkò ní ẹnu. Ẹ ki fèrè bọ ẹnu ẹ̀, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i kó wú nínú, ẹ gbé e. Bí ẹ ṣe ń gbé kèrègbè nìyẹn tọ́wọ́ bá ti wọ̀ ọ́.

———

Oní-fíríìjì:

Ẹ kú àárọ̀ mà. Ọgbọ́n gidi nìyẹn, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ìgò, ó ń ṣiṣẹ́ fún ìkòkò tí wọ́n ti sun. Ti tútù ni mo ń bẹ̀rù. Amọ̀ gbígbẹ lè gba kí a tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, kò lè gba kí a fà á ya. Tí fèrè bá wú nínú ọrùn ẹ̀, ṣe ló ń ti ọrùn síta yípo, tí ibì kan bá ti ní ojú ẹ̀là tín-ín-rín báyìí, ibẹ̀ ló máa gbà sọ̀ kalẹ̀. Mo ti fọ́ méjì bẹ́ẹ̀, mo sì san owó ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ mú mi rántí nǹkan mìíràn. Mà, tẹ́ ẹ bá ń gbé ìkòkò omi rí, kí ni ẹ ń fi sórí?

———

Ìyá Àbíkẹ́ (Ọ̀rọ̀):

Òṣùká ni. Ta ló ń fi orí lásán gbé ìkòkò?

———

Oní-fíríìjì:

Ọmọ Alámọ̀, wá gbọ́. Òṣùká.

Aṣọ tí wọ́n ká, ó rọ̀, abẹ́ ìkòkò rí roboto ṣùgbọ́n ó bá a mu, orí èèyàn náà rí roboto ó tún bá ìyẹn mu. Tí ìwúwo bá wá sórí ẹ̀ ó kì, ó le, ìkòkò ò yí mọ́. Ohun tí mò ń wá láti ìjẹta nìyẹn, orí ìyá mi ni mo ti kọ́kọ́ rí i.

Má ṣe wá látòkè rárá. Ṣe òṣùká tí a pín sí méjì, bí ọwọ́ méjì tó fẹ́ pàdé. Túùbù kẹ̀kẹ́ ológeere ni kó o fi ṣe é, ti ọ̀kadà nípọn jù, kì í tètè bá ara nǹkan mu. Ti kẹ̀kẹ́ fẹ́lẹ́, tó bá sì lu, oní-fọganáísà á lẹ̀ ẹ́ fún ọ. Rọ èèpo ẹkùrọ́ sí i, má kún un jù, kó ṣì lè yí dáadáa. Jẹ́ kí ìdajì méjèèjì wá láti ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n pàdé nísàlẹ̀ ibi tí ikùn ti fẹ̀ jù. Jẹ́ kí wọ́n rọra fara mọ́ ìkòkò pẹ̀lú afẹ́fẹ́ nínú wọn, ìgbà yẹn ni kó o wá fà á. Nísàlẹ̀ ibi tó ti fẹ̀ jù yẹn, ìwúwo ìkòkò fúnra ẹ̀ ló ń gbé e jókòó sínú òṣùká. Kóró àgbálùmọ̀ kò lè fò mọ́, torí abẹ́ ẹ̀ ni ọwọ́ wà. Eruku ò sì ní ohun tó fẹ́ ṣe fún un.

Ẹ̀yìn òṣùká, ibi tó so mọ́ apá irin, á fẹ́ tẹ̀ tí ẹrù bá wúwo. Má fi irin sí i, kò ní lè gba ìkòkò kékeré àti ńlá. To sáńpépà pẹlẹbẹ lé ara wọn bíi 20, fi wọ́n sínú ọ̀rá tó o dì pa, kí wọ́n máa fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ pọ̀ mọ́ ti òṣùká. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá wà níbẹ̀, ewé kọ̀ọ̀kan á máa yọ̀ lórí èkejì, gbogbo ẹ̀ á tẹ̀ bó o ṣe fẹ́. Tó o bá fà á, tí wọ́n bá dì pọ̀ di ọ̀kan, lórí ìwé líle wọn á fi ìlọ́po 400 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìyẹn 20 lọ́nà 20. Lọ́wọ́ wa kò ní tó bẹ́ẹ̀, torí wọn kì í dì pọ̀ tán, ṣùgbọ́n kódà ìdá mẹ́wàá ẹ̀ á tó ọ.

———

Akẹ́kọ̀ọ́ Táńkẹ̀:

Ṣé kò ní dáa kó ra sílíkóònù, kó dà á sínú mọ́ọ̀dì, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ òkèèrè?

Oní-fíríìjì:

Ó lè dáa. Èyí tí àwọn tó ń ṣe wíńdò álúmíníọ̀mù ń lò ló wà nítòsí, èyí tó ń rùn bíi ọtí kíkan. Tó bá nípọn, ìta á gbẹ, inú á ṣì máa lẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Túùbù kẹ̀kẹ́ ti wà, ó ti gbẹ.

———

Ọmọ Alámọ̀ (Òkèlele, Ìlọrin):

Ẹ kú ìjọ́ mẹ́ta. Mo ti ṣe é. Túùbù kẹ̀kẹ́ méjì, èèpo ẹkùrọ́, sáńpépà 16 (owó ló tán). Ó gbé ìkòkò mẹ́ta, láti orí kékeré tí wọ́n fi ń se àgbo dé orí ìkòkò omi, n kò yí nǹkan kan padà lára ẹ̀. Ọ̀gá mi wá wò ó, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́, wọ́n ní kí n kọ ti dígírì 63 yẹn sínú ìwé mi.

Ẹ̀kẹrin fọ́. Kì í ṣe nígbà tí mò ń gbé e o, nígbà tí mo fẹ́ gbé e kalẹ̀ ni. Mo ṣí fáàfù tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ padà wọlé, apá òsì rọ̀ kí ti ọ̀tún tó rọ̀, ìkòkò fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, etí ẹ̀ kan irin.

Nǹkan mìíràn ni pé ìyá mi àgbà jókòó wò mí títí. Wọ́n gbóríyìn fún mi dáadáa. Wọ́n wá ní kì í ṣe gbígbé ìkòkò ló ń dun ẹ̀yìn àwọn, amọ̀ gígún ni.

———

Oní-fíríìjì:

Háà! O ò sì bi wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Amọ̀ gígún, mọ́tò àti ọmọ odó ni ìyẹn, ká fi í sí ìbéèrè mìíràn, èmi náà á dá sí i.

Ti èyí tó fọ́: lọ wọn rọ́bà tó gba apá òsì àti èyí tó gba apá ọ̀tún, mo mọ̀ pé ọ̀kan gùn ju èkejì lọ. Gé wọn kí wọ́n dọ́gba, kí wọ́n pàdé nídìí orítà kan kí wọ́n tó dé fáàfù. Jẹ́ kí ìdí ìkòkò kan ilẹ̀ tán pátápátá kó o tó ṣí i. Ṣí i díẹ̀ báyìí, ka ení títí dé àrún, kó o wá ṣí i tán. Tí rọ́bà bá ṣì lẹ̀ mọ́ ikùn ẹ̀, fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i láti ẹnu kejì kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ṣùgbọ́n fi aṣọ sẹ́ òróró ẹ̀ kúrò ná. Kó o sì fi fóòmù wé irin yẹn.